Ẹni Tí Ó Rí Ni Kí Ó Kọ: Àsọyé Lórí Kíka Àwọn Ẹyẹ Odò àti ti Etí Òkun

 

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí lè dàbí ohun kékeré létí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn bí èmi àti ẹ̀yin, olùkọ́, àgbẹ̀, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti apẹja, tí wọ́n ń wo àwọn ẹyẹ àti àwọn ẹ̀dá mìíràn tí ń bẹ ní etí òkun, ní ọ̀sà àti ní bèbè odò, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Wọn kò gba owó lé e. Àwọn onímọ̀ ń fi àkọsílẹ̀ wọn ṣe ìwádìí, àwọn ìjọba a sì máa fi í ṣe ìpinnu.

Bóyá ẹnìkan nínú yín ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, Kí ni ó kan ará Ẹdẹ kan etí òkun? Ìbéèrè rere ni. Ìlú wa jìnnà sí òkun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀nà tí omi wa ń tọ̀. Ilẹ̀ Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti wá, láti ìhà Ìgèdè. Ó kọjá ní Òṣogbo, ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ẹdẹ, odò Erinlẹ̀ sì wá pàdé rẹ̀ ní agbègbè wa. Láti ìhín ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Aséjìrẹ́, níbi tí a ti sé e nítorí omi mímu àwọn ará Ìbàdàn. Níkẹyìn ó tú sínú ọ̀sà Lẹ́kí, ní ìhà Ẹ̀pẹ́, tí òkun kò sì jìnnà sí i mọ́. Ohun tí a bá dà sínú omi ní Ẹdẹ, ẹni tí ń bẹ ní ìsàlẹ̀ odò ni yóò gbà á lẹ́yìn wa.

Àwọn ẹyẹ pẹ̀lú mọ ọ̀nà náà. Ẹyẹ kékeré kan ń bẹ tí a máa ń rí ní bèbè omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọ̀ ilẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀, funfun ni ikùn rẹ̀, kò sì lè dúró kí ó má mi ìdí rẹ̀ sókè sódò. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní common sandpiper. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà ni ó ti ń pa ọmọ. Nígbà tí òtútù bá sún mọ́ níbẹ̀, a fò wá sí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan náà ni èyí tí ń sáré ní etí ọ̀sà Èkó àti èyí tí ń mi ìdí lórí òkúta odò wa. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní Ẹdẹ, ó ti bá ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Èkó ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a jọ rò. Èkíní ni àdánù tí ń bẹ nínú ohun tí a kò kọ sílẹ̀. Èkejì ni bí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn àti ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀kẹta ni bí a ti ń ṣe é, àti òfin tí ó dè é.

I. ÀDÁNÙ TÍ A KÒ KỌ SÍLẸ̀

Ẹ jẹ́ kí n bi àwọn àgbà tí ń bẹ láàárín wa léèrè. Nígbà èwe yín, ẹ kò ha máa ń rí igún ní ibi ìpẹran àti ní ààtàn? Ẹyẹ tí kò lẹ́wà ni, orí rẹ̀ pá, ìrìn rẹ̀ sì wúwo, ṣùgbọ́n òun ni ń kó ẹ̀gbin kúrò nílẹ̀ fún wa láìgba owó oṣù. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá, inú òwe nìkan ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní 2015, àwọn tí ń ṣe ìwé àkójọ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ní gbogbo ayé kọ igún yìí sí ipò tí ó burú jù lọ, ipò tí ó kángun sí píparun pátápátá. Odídẹrẹ́ tẹ̀ lé e sínú ìwé àwọn tí ewu ńlá wu ní 2016.

Àwọn baba wa wí pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Síbẹ̀ a pa á. A ta orí rẹ̀ ní ọjà àwọn elégbòogi. Májèlé tí a fi sínú òkú ẹran nítorí ẹranko mìíràn pa òun náà, a sì gé àwọn igi ńláńlá tí ó ń tẹ́ ìtẹ́ sí.

Ǹjẹ́, ní ọdún wo ni igún bẹ̀rẹ̀ sí dín kù ní Ẹdẹ? Mélòó ni ó kù ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e? Kí ni a ṣe ní ọdún náà tí a kò ṣe tẹ́lẹ̀? Ta ni nínú wa tí ó lè dáhùn? A jọ ń rí i lójoojúmọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò sì rò pé ó yẹ láti kọ ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ sílẹ̀. Bí a ti wá gbójú sókè, a kò rí i mọ́. Àdánù ni kí ohun rere lọ. Àdánù lórí àdánù ni kí ó lọ, kí a má sì mọ ìgbà tí ó lọ, nítorí ẹni tí kò mọ ìgbà tí ohun bàjẹ́ kò lè mọ ohun tí ó bà á jẹ́.

Ẹ wo àwọn ìyá ọlọ́mọ tí ń lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kì í dúró títí ọmọ yóò fi ṣàìsàn kí ó tó gbé e sórí ìwọ̀n. Ní gbogbo ìgbà tí ìyá bá gbé e wá ni ó ń wọ̀n ọ́n, tí ó sì ń kọ ọ́ sínú káàdì. Ìwọ̀n ọjọ́ kan kò sọ ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwọ̀n oṣù mẹ́fà bá tò léra wọn, káàdì náà yóò sọ ohun tí ojú ìyá kò rí, pé ọmọ yìí ti ń fọn díẹ̀díẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn ẹyẹ àti ẹ̀dá inú omi ni káàdì tí a fi ń wọn ilẹ̀ àti odò wa.

Ohun tí mo ń sọ yìí kò jìnnà sí wa. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, pàápàá ní 2021 àti 2022, ariwo gba ìpínlẹ̀ wa pé omi odò Ọ̀ṣun ti yí padà, ó pọ́n, ó sì dọ̀tí. Ọ̀pọ̀ sì tọ́ka sí wíwa wúrà ní agbègbè Iléṣà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó fà á. Àwọn kan lọ wọn omi náà, wọ́n sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé, Àwọn ẹyẹ wo ni ń pẹja ní bèbè odò yìí ní Ẹdẹ kí omi tó pọ́n, èwo nínú wọn ni ó sì ti lọ, ta ni yóò mú ìwé jáde? Ẹyẹ apẹja tí ó ní dúdú àti funfun lára, èyí tí í máa rọ̀ sójú kan lófuurufú kí ó tó já bọ́ sínú omi, ojú ni ó fi ń rí oúnjẹ rẹ̀. Bí omi bá ṣókùnkùn, ebi yóò pa á, yóò sì lọ sí ibòmíràn. Bí a bá ní àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá nípa rẹ̀, ẹlẹ́rìí tí a kò lè fi owó rà ni ì bá jẹ́ fún wa níwájú ìjọba. A kò kọ ọ́, ẹlẹ́rìí náà sì lọ láìsọ̀rọ̀.

Ìlú wa mọ iyì àkọsílẹ̀. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jẹ Tìmì láti 1946 sí 1975, kò fi ẹnu nìkan yin ìlù àwọn baba rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lù, ó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá, tí àwọn tí kò rí ojú rẹ̀ rí fi ń kọ́ nípa wọn títí di òní. Ohun tí ọba wa ṣe fún ìlù ni a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe fún ẹyẹ.

II. BÍ IṢẸ́ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àṣà kan wà láàárín àwọn kan ní ọjọ́ Kérésìmesì. Wọn a pín ara wọn sí ẹgbẹ́ méjì, wọn a gbé ìbọn wọ inú igbó, wọn a sì yìnbọn sí ohunkóhun tí ó bá ní ìyẹ́ tàbí irun lára. Ẹgbẹ́ tí òkìtì òkú ẹran rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó borí. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Frank Chapman, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀dá-sí ní New York, rò ó pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Kò kàn bá wọn wí, ó fún wọn ní ohun mìíràn láti ṣe. Ó ní kí wọ́n jáde lọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì ka àwọn ẹyẹ dípò kí wọ́n pa wọ́n. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 1900, ènìyàn 27 péré ni ó jáde ní ibi 25. Láti ọdún náà wá, iye náà kò dúró. Lónìí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ń ṣe é lọ́dọọdún, ìwé wọn sì ti lé ní 120 ọdún. Nípa ìwé yìí ni a fi mọ irú ẹyẹ tí ń dín kù àti irú èyí tí ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ náà. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀mọ̀wé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ John Masefield mú alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ní ilé rẹ̀ ní Staffordshire ní oṣù karùn-ún 1911, ó fi òrùka kékeré tí a kọ nọ́ńbà sí bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì tú u sílẹ̀. Ọdún kan àti oṣù méje kọjá. Ní oṣù kejìlá 1912, a rí ẹyẹ náà nínú ilé kan ní oko ní Natal, ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà, òrùka náà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó rí i kọ lẹ́tà. Títí di ọjọ́ náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ibi tí alápàńdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ nígbà òtútù. Agbẹjọ́rò kan, ará oko kan, àti lẹ́tà kan ni ó tú ìdí ọ̀rọ̀ náà. Wòlíì Jeremáyà ti sọ fún wa tipẹ́ pé àwọn ẹyẹ òfuurufú mọ àkókò tí a yàn fún wọn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń gbà lọ, àwa ni a ní láti wá a rí.

Nínú àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ń ti òkè òkun wá, ọ̀pọ̀ ní ń dúró ní ilẹ̀ wa. Ní Ebbaken, lẹ́bàá Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, ó ju mílíọ̀nù kan lọ tí ń sùn papọ̀ lórí koríko òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ará ibẹ̀ a máa pa wọ́n jẹ. Ìgbà tí a wá kà wọ́n, tí a sì mọ bí wọ́n ti pọ̀ tó, ni gbogbo ayé tó mọ̀ pé ibùsùn ńlá wà níbẹ̀ tí ó yẹ láti dáàbò bò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àjèjì ni iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Ní 1930, Frank Bridges dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Nigerian Field Society, fún àwọn tí ó fẹ́ràn igbó, ẹyẹ, òdòdó àti àṣà ilẹ̀ yìí. Ìwé wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1931. Ohun tí àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ ẹyẹ rí, tí wọ́n sì kọ síbẹ̀, wúlò fún àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí John Elgood, tí ó ti kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣe ìwé àkójọ àwọn ẹyẹ Nàìjíríà tí ó jáde ní 1982, àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kó jọ.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun. Ní Ghana, àwọn ọmọdé etíkun a máa fi okùn àti ìwọ̀ dẹ pàkúté fún àwọn ẹyẹ òkun funfun tí ń ti Yúróòpù wá. Eré ni lójú wọn, ẹran díẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n ní ìhà kejì òkun, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Áyálándì, ọ̀kan nínú irú ẹyẹ wọ̀nyí ti fẹ́ tán, a kò sì mọ̀ bóyá pàkúté náà wà lára ohun tí ń pa wọ́n. Ní 1985, ìjọba Ghana àti àwọn ẹgbẹ́ olùdáàbòbo ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan láti gba àwọn ẹyẹ etíkun là. Wọn kò rán ọlọ́pàá sí àwọn ọmọ náà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ àwọn ẹyẹ náà àti ibi tí wọ́n ti ń wá, wọ́n sì ń ka ẹyẹ ní àwọn ọ̀sà etí òkun. Ohun tí wọ́n kà kò ṣòfò. Ní 1992, a kọ orúkọ ọ̀sà Keta, Songor, Sakumo àti àwọn mìíràn sínú ìwé àwọn ilẹ̀ omi tí gbogbo orílẹ̀-èdè kà sí iyebíye. Láti inú iṣẹ́ yìí náà ni ẹgbẹ́ Ghana Wildlife Society ti jáde. Ẹ wo bí iye orí ẹyẹ tí a kọ sínú ìwé ti di ààbò fún ọ̀sà odindi!

Ní ilẹ̀ Benin tí ó múlé gbè wá, ní ìhà Grand-Popo, ìjàpá òkun a máa gòkè wá ní òru láti yé ẹyin sínú iyanrìn. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí ó bá rí i ti rí ẹran àti ẹyin. Lónìí, nínú àwọn ará etíkun kan náà ni a ti rí àwọn tí ń ṣọ́ ibi ẹyin náà, tí ń kà á, tí ń sì kọ ọjọ́ tí ọmọ ìjàpá jáde. Ẹni tí ó mọ ibi tí a ti ń mú un ni ó mọ ibi tí a ti lè ṣọ́ ọ. Ní Èkó pẹ̀lú, ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, tọ́jú apá kan igbó omi ní Lẹ́kí, nígbà tí a ń fi iyanrìn dí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yí ká láti kọ́ ilé. Ní oṣù kìn-ín-ní lọ́dọọdún, láti 1967 wá, a sì ń ka ẹyẹ omi ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà, kí a má ba à ka ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mejì bí ó ti ń rìn kiri.

III. BÍ A TI Ń ṢE É

Iṣẹ́ tí ó sún mọ́ wa jù lọ ni Nigerian Bird Atlas Project, ìwé àwòrán ilẹ̀ àwọn ẹyẹ Nàìjíríà. Ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis, tí ó wà lẹ́bàá igbó Amurum ní Jos lábẹ́ Yunifásítì Jos, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2015. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, láti gúúsù Áfíríkà ni ó ti wá, níbi tí a ti ń lò ó láti 2007.

Bí ó ti rí nìyí. A pín gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sí abala onígun mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 9 ní gígùn àti 9 ní ìbú. Irú abala bẹ́ẹ̀ tó bíi 11,000 ní orílẹ̀-èdè wa, láti etí òkun títí dé etí aginjù. Àárín ìlú Ẹdẹ bọ́ sínú abala tí ó wà láàárín ìwọ̀n 7 ìṣẹ́jú 40 àti ìwọ̀n 7 ìṣẹ́jú 45 ní àríwá, àti láàárín ìwọ̀n 4 ìṣẹ́jú 25 àti ìwọ̀n 4 ìṣẹ́jú 30 ní ìlà-oòrùn. Abala tiwa nìyẹn, bí oko ti í ní olóko.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ àkọsílẹ̀ yóò lo ó kéré tán wákàtí méjì nínú abala kan, yóò dé odò, oko, igbó àti àárín ilé bí ó bá ti lè ṣe é. Yóò kọ orúkọ gbogbo irú ẹyẹ tí ó bá rí tàbí tí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, bí wọ́n bá ti tò tẹ̀ léra wọn. Ó lè fi ọjọ́ mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé e fi irú tuntun kún un. Ohun èlò kan tí ń jẹ́ BirdLasser wà tí a ń lò lórí fóònù. Ó ń kọ àkókò àti ibi tí a dúró sí fúnra rẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ kan bá ṣàjèjì, a óò béèrè àlàyé lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ kí a tó gbà á.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà nìyí. Ẹ jẹ́ kí a fi lékeléke ṣe àpẹẹrẹ. Bí àwọn ènìyàn bá ti kọ ìwé mẹ́wàá fún abala Ẹdẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí lékeléke sì wà nínú mẹ́sàn-án, a mọ̀ pé ó pọ̀. Bí ó bá di ọdún mẹ́wàá sí i, tí a tún kọ ìwé mẹ́wàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì wà nínú mẹ́rin péré, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí a wádìí. Kò sí ẹnìkan nínú ogún ènìyàn wọ̀nyí tí ó mọ̀ pé lékeléke ń dín kù. Ìwé wọn ni ó mọ̀. Nítorí náà ni a fi sọ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn méjèèjì. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé lékeléke kì í bá wa gbé ní gbogbo oṣù ọdún, àríwá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ pa ọmọ nígbà òjò.

Ìwé náà sì ń kọ́ ojú wa. Àwọn ọmọdé tí ń bẹ lékeléke pé kí ó fún wọn ní èékánná funfun rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ṣùgbọ́n èyí tí ń tẹ̀ lé màlúù ní pápá, ẹnu rẹ̀ pọ́n bí àdó pupa nígbà mìíràn, ó sì yẹ́lò ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Òmíràn wà tí ń dá dúró nínú omi, ẹnu rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìka rẹ̀ yẹ́lò bí ẹni wọ bàtà. Ẹ̀kẹta ga ju àwọn méjèèjì lọ, ọrùn rẹ̀ sì gùn bí ìwọ̀. Ìrú mẹ́ta ni, oúnjẹ wọn yàtọ̀. Bí omi bá bàjẹ́, ti màlúù lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ti inú omi yóò mọ̀ ọ́n.

Òfin tí ó de iṣẹ́ yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Kọ ohun tí o rí. Má ṣe kọ ohun tí o rò pé ó yẹ kí o rí. Bí kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀, tàbí kí o kọ àwọ̀ ẹnu, àwọ̀ ẹsẹ̀ àti ibi tí ó dúró sí, kí o sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ jù ọ́ lọ. Má ṣe fi ẹyẹ àná sínú ìwé òní. Má ṣe fo ẹyẹ tí ó wọ́pọ̀ nítorí pé ó wọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ṣe sí igún. Ẹni tí ó bá sì wá ẹyẹ kan tọkàntọkàn tí kò rí i, àìrí rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀rí. A kọ́ wa láti kékeré pé a kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì wa. Ẹni tí ó kọ ẹyẹ tí kò rí sínú ìwé ń jẹ́rìí èké sí àwọn tí a kò tí ì bí, nítorí àwọn ni yóò fi ìwé náà ṣe ìpinnu.

Mo mọ ohun tí a óò sọ lòdì sí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn kan yóò wí pé, Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ni. Òótọ́ ni pé onímọ̀ ni yóò ṣe ìṣirò. Ṣùgbọ́n onímọ̀ mélòó ni yóò kárí abala 11,000, tí yóò sì tún padà lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún? Àwọn mìíràn yóò wí pé, Ebi ń pa ènìyàn, ẹ ń ka ẹyẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òótọ́ ni ebi. Ṣùgbọ́n odò tí ẹyẹ apẹja kò lè rí ẹja nínú rẹ̀, ṣé apẹja ènìyàn ni yóò rí i? Omi tí ń lé ẹyẹ lọ, ṣé ọmọ wa ni yóò mu ún kí ó sì yè? Ẹyẹ ni ó ń kọ́kọ́ jìyà ohun tí yóò dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la. Àwọn mìíràn yóò wí pé, A kọ ọ́ tán, ta ni yóò kà á? Àwọn ọ̀sà Ghana ti dá irú wọn lóhùn.

Ẹ̀yin ará mi, kí ni kí a ṣe? Yunifásítì méjì wà ní ìlú yìí, Redeemer's àti Adélékè, àti Pólítẹ́kíníìkì ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú. Àwọn tí ó mọ̀wé kò wọ́n wa. Kí àwọn olùkọ́ kó ọmọ bíi mẹ́wàá jọ, kí wọ́n sì yan òwúrọ̀ Sátidé kan ní oṣù kọ̀ọ̀kan fún odò Ọ̀ṣun àti ti Erinlẹ̀. Kí ẹni tí ó ní fóònù mú fóònù wá. Kí ẹni tí kò ní mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì wá. Kí a pe àwọn ọdẹ àti àwọn apẹja wa mọ́ra, nítorí ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná kò ṣàì ní ọdẹ, ojú ọdẹ sì ń rí ohun tí ojú akọ̀wé kò rí. Kí àwọn àgbà sọ orúkọ tí a ń pe ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ kọ ọ́, nítorí àwọn orúkọ náà pẹ̀lú ń lọ bí igún ti lọ.

Ohun tí ó ti lọ láìní àkọsílẹ̀, a kò lè pè é padà. Ṣùgbọ́n ẹyẹ apẹja ṣì ń rọ̀ sójú kan lórí omi ní ibi tí omi bá mọ́ díẹ̀. Ẹyẹ tí ń mi ìdí náà yóò tún ti òkè òkun dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá dé, kí ó bá ẹnìkan ní bèbè odò tí yóò kọ ọjọ́ tí ó dé. Bí kò bá sì dé, kí a ní ìwé tí yóò sọ fún àwọn ọmọ wa pé ó ti ń wá tẹ́lẹ̀, àti ọdún tí kò wá mọ́.